Ìrù Ni Ó Ń Tọ́ Imú

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí a kọ ẹ̀kọ́ kan fún ìwé àjọ̀dún yìí, a mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ àlùfáà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a mú wá. A fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń fi okun kún ìrù àwòṣe ọkọ̀ òfurufú, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí ènìyàn ń dúró ní ilẹ̀ fi rédíò darí, tí wọ́n ń takìtì, tí wọ́n ń yí bìrí, tí wọ́n sì ń dojú ikùn kọ ọ̀run fò. Ilé ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ́ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ náà. A sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí a rántí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ọmọ wa tí ń gbé ní òkè òkun fi àpótí kan ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ègé igi balsa ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tí ń lo bátìrì àti rédíò ìdarí. A tò ó fún oṣù mẹ́ta ní ẹ̀yìn ilé àlùfáà. Nígbà tí a parí rẹ̀, apá rẹ̀ láti ṣóńṣó kan dé èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120. Ó pupa bí osùn, ó sì dùn ún wò. A gba àṣẹ tí ó yẹ, a sì fi sùúrù kọ́ bí a ti ń darí rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé, a gbé e lọ sí pápá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ti di ìrù rẹ̀ mú, ó sì mì díẹ̀ lábẹ́ ìka wa. A wí fún ara wa pé yóò gbé e di ọ̀la. Ní ọjọ́ kejì, ó gbéra, ó takìtì lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì hó yèè. Ní ìgbà kẹta, bí a ti fà á gòkè láti inú eré ìsọ̀kalẹ̀, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ. Apá ìrù já kúrò. Ọkọ̀ náà dorí kodò, ó sì fi imú gúnlẹ̀ ní ibi tí kò ju ìṣísẹ̀ 10 lọ sí ibi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi jókòó sí. Kò sí ẹni tí ó fara pa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n oorun kò kùn wá ní òru náà.

Ní òwúrọ̀, a ṣa àwọn àfọ́kù jọ, a sì yẹ ìdí ìrù wò. Igi kò ya níbẹ̀. Àtè náà kò ya. Ó wà ní odidi, ó ń dán, láílọ́ọ̀nù pupa tí a fi bo ara ọkọ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. A kò bó láílọ́ọ̀nù náà kúrò kí a tó ta àtè sí i. Láílọ́ọ̀nù ni àtè dì mú. Nígbà tí ipá dé, láílọ́ọ̀nù ṣí kúrò lára igi bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Lójú ẹsẹ̀ ni a rántí yàrá iṣẹ́ igi ilé ẹ̀kọ́ yìí. A wà ní kíláàsì kejì nígbà náà. A ti fi àtè lẹ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó kan mọ́ ojú igi tí a ti kùn ní ọ̀dà. Olùkọ́ wa fi ọwọ́ kan ṣoṣo yọ ọ́, ó sì wí pé àtè kò mọ ọ̀dà, igi ni ó mọ̀. Ó ní kí a ha ọ̀dà náà títí ojú igi yóò fi hàn, kí a tó tún ẹsẹ̀ náà lẹ̀. Ohun tí a kọ́ ní ọmọ ọdún 13 ni a gbàgbé nígbà tí a ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún.

Iṣẹ́ tí ìrù ń ṣe

Ẹ̀ka mẹ́rin ni ìrù ọkọ̀ òfurufú ní. Èkíní ni apá ìrù, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ sí òsì àti sí ọ̀tún. Èkejì ni lẹbẹ, tí ó dúró ṣánṣán bí lẹbẹ ẹ̀yìn ẹja. Ẹ̀kẹta ni ìlẹ̀kùn tí a fi hínjì so mọ́ ẹ̀yìn apá ìrù: bí ó bá gbé sókè, imú ọkọ̀ a gòkè, bí ó bá wálẹ̀, imú a sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́kọ̀, tí a so mọ́ ẹ̀yìn lẹbẹ, tí ń yí imú sí òsì tàbí sí ọ̀tún. Ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń pè ní servo ni ó ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìlẹ̀kùn àti ìtọ́kọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí rédíò bá ti pàṣẹ.

Ẹni tí ó ti ka orí kẹta Ìwé Jákọ́bù yóò rántí pé ó fi ahọ́n wé ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ohun kékeré tí ń darí ohun ńlá. Bákan náà ni ó rí ní òfurufú. Imú ni gbogbo ojú ń wò, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń pariwo; apá ni a ń yìn, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀ṣọ́ wà. Síbẹ̀ ìrù ni ó ń tọ́ imú. Àwọn àgbà wí pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní ń bá a lé eṣinṣin. Ọkọ̀ òfurufú tí ìrù rẹ̀ já kì í pẹ́ ní òkè tó èyí tí a ó fi parí àdúrà fún un.

Ohun tí ń fọ́ ìrù

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀. Ìkíní ni eré sísá. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ipá tí afẹ́fẹ́ lè fi ti ìrù a di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ń takìtì a máa sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eré, a ó sì fà á gòkè lójijì. Ojú ibẹ̀ gan-an ni tiwa ti já. Nígbà mìíràn, awakọ̀ a ti ìlẹ̀kùn apá ìrù àti ìtọ́kọ̀ dé òpin pa pọ̀, kí ọkọ̀ lè yí bìrí. Nígbà náà ni ipá tí ó wà ní apá kan a ju ti èkejì lọ, ìdí ìrù a sì lọ́ bí aṣọ tí à ń fún omi rẹ̀.

Ìkejì ni ìgbọ̀nrìrì. Bí hínjì bá tú díẹ̀, tàbí tí ọ̀pá servo bá ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ lè máa gbọn ìlẹ̀kùn tàbí ìtọ́kọ̀ náà bí àsíá nínú ìjì. Ewu rẹ̀ ni pé bí ó ti ń gbọ̀n ni ó ń gba agbára sí i lára afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá sì tó láti fa ìrù ya. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró bí ti agbo oyin láti òkè, kí ó dín eré kù kíákíá, kí ó sì mú ọkọ̀ balẹ̀.

Ìkẹta ni ilẹ̀. Ìbalẹ̀ líle lórí koríko a máa gbá ìrù, ìfarakanra nínú búùtù mọ́tò a máa tẹ̀ ẹ́, oòrùn gangan a sì máa mú láílọ́ọ̀nù rọ̀. Kékeré kékeré báyìí ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ àwọ̀ tí ó ṣì ń dán.

Ìdí tí a kò fi lè kó igi jọ sí ìrù

Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ sí wa lọ́kàn ni pé kí a wá igi tí ó nípọn. Ìṣírò ni ó dá wa dúró. Ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí ojú ibi kan lábẹ́ apá rẹ̀, bí ọmọ méjì tí ó jókòó sí orí pátákó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Nínú ọkọ̀ tiwa, láti ojú ibi ìdọ́gba dé ìrù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70. Láti ibẹ̀ dé imú jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 péré. Bí a bá fi gíráàmù 10 kún ìrù, a ní láti fi gíráàmù 35 kún imú kí ó tó dọ́gba. Gíráàmù 10 ti di 45. Ọkọ̀ tí ó wúwo ní láti sáré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí ó tó dúró ní òkè. Eré náà ni yóò sì tún fi ipá kún ipá lórí ìrù. Ohun tí a fi wá okun yóò ti di ohun tí ń jẹ okun.

Àwọn tí iṣẹ́ yìí ti ọwọ́ wọn dàgbà mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 1937 ni àwọn ìbejì méjì, Walter àti William Good, fi rédíò darí àwòṣe wọn ní ìlú Kalamazoo ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1960 ni ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn ọkọ̀ tí ń takìtì wáyé ní ilẹ̀ Switzerland, Ed Kazmirski láti Amẹ́ríkà sì ni ó borí. Nínú ìdíje náà lónìí, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 2 lọ ní gígùn àti ní ìbú, ìwúwo rẹ̀ láìka epo kò sì gbọdọ̀ ju kílò 5 lọ. Ẹni tí ó bá ń kó igi jọ yóò kọjá ìwọ̀n. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó mọ ojú ọ̀nà tí ipá ń gbà, kí ó sì fi okun díẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà gan-an.

Ọ̀nà márùn-ún

Èkíní, kí àtè kan igi. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí apá ìrù àti lẹbẹ yóò ti fara kan ara ọkọ̀, kí ẹ sì bó láílọ́ọ̀nù ibẹ̀ nìkan. Ẹ má ṣe fi abẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Igi balsa rọ̀, ibi tí abẹ bá ti ha á ni yóò ti ṣẹ́. Ṣóńṣó irin gbígbóná tí àwọn atúnrédíò-ṣe fi ń jó òjé ni ó dára, nítorí a máa yọ́ láílọ́ọ̀nù láìgé igi. Lẹ́yìn náà kí ẹ lo àtè epoxy, èyí tí a ń po méjì pọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Èkejì, kí a lo igun mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti rí igi òrùlé mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá ti igun kan lára férémù onígun mẹ́rin, yóò wọ́. Onígun mẹ́ta kì í wọ́ àfi bí igi rẹ̀ bá ṣẹ́. A lẹ ègé balsa kéékèèké onígun mẹ́ta mọ́ kọ̀rọ̀ tí apá ìrù ti pàdé ara ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí, a na ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ láti agbede lẹbẹ sọ̀kalẹ̀ sí agbede apá ìrù, ní òsì àti ní ọ̀tún, a sì na òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ ńlá, wáyà irin ni a ń lò. Báyìí, lẹbẹ ń di apá mú, apá ń di lẹbẹ mú, ara ọkọ̀ sì ń di méjèèjì mú.

Ẹ̀kẹta, kí a yan ohun tí ó le tí kò wúwo. Ọ̀pá kábọ̀n dúdú bí èédú, ó fúyẹ́, kì í sì í tètè tẹ̀. A la ojú kan tín-ín-rín sí etí iwájú apá ìrù, a sì tẹ ọ̀pá kábọ̀n pẹlẹbẹ sínú rẹ̀. A tún fi ọ̀kan so ìlẹ̀kùn òsì àti ti ọ̀tún pọ̀, kí wọ́n má bàa lọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kíyè sí i pé eruku kábọ̀n kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: ẹ bo imú yín, kí ẹ sì fi omi rin ín nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹrin, kí hínjì àti ọ̀pá servo má ṣe ní ìyọ̀. Ẹ fa hínjì kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tí ó bá gbẹ. Ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ ìlẹ̀kùn, ẹ fi pláíwúùdù pẹlẹbẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí bóòtù tí ó wọ igi balsa lásán yóò tú. Bí ọ̀pá náà bá gùn, kí ẹ fi ìdìmú kan sí agbede rẹ̀ kí ó má bàa tẹ̀.

Ìkarùn-ún, àyẹ̀wò. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ di ṣóńṣó lẹbẹ mú, kí ẹ mì ín. Ẹ di ṣóńṣó apá ìrù mú, kí ẹ gbé e sókè-sódò díẹ̀. Bí ó bá mì ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí tí ó han, ẹ gbé e padà sílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìjọ ti jókòó. Kí àwọn òǹwòran sì jìnnà réré sí ẹ̀yìn awakọ̀. Àwa tí a ń kọ èyí kò ṣe méjèèjì ní ọjọ́ náà.

Ìrù kan ní Jàpáánù

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1985, ọkọ̀ òfurufú Boeing 747 kan gbéra láti Tokyo lọ sí Osaka pẹ̀lú ènìyàn 524. Ní ọdún 1978, ìrù ọkọ̀ náà ti gbá ilẹ̀ nígbà tí ó ń balẹ̀. Wọ́n tún ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe, ògiri tí ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn èrò. Ṣùgbọ́n ní ojú ìsopọ̀ kan níbi tí ó yẹ kí ìlà ìṣó méjì gba ipá, ìlà kan ṣoṣo ni ó ń gbà á. Wọ́n bò ó, ọkọ̀ náà sì ń fò fún ọdún 7. Ní ọjọ́ náà, ògiri yìí bẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó tú jáde gbá èyí tí ó pọ̀ jù nínú lẹbẹ lọ, ó sì já gbogbo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òróró ìdarí ń gbà. Àwọn awakọ̀ bá a jìjàkadì fún bí ìdajì wákàtí. Ènìyàn 520 kú. Àwọn 4 ni ó yè.

Ìlà ìṣó kan ni ó dín. Ojú òde kò fi hàn fún ọdún 7. Nígbà tí a ka ìtàn yìí lẹ́yìn ìjàǹbá tiwa, a rántí alẹ́ tí ìrù mì lábẹ́ ìka wa tí a sì lọ sùn, ẹnu wa sì wọ tákẹ́.

Ohun tí ó kù fún wa

A tún ọkọ̀ náà ṣe ní ọ̀nà márùn-ún tí a kà sílẹ̀ yìí. Gbogbo ohun tí a fi kún ìrù rẹ̀ kò ju gíráàmù 12 lọ. A kò so òjé kankan mọ́ imú. Bátìrì tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a tì síwájú títí ọkọ̀ fi dọ́gba. Ó ń takìtì títí di òní.

Ẹ̀yin òbí, a mọ̀ pé ọkàn yín ń fẹ́ kí ọmọ yín lágbára. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá okun yìí nípa kíkó ẹrù jọ: ẹ̀kọ́ àfikún lówùúrọ̀, ẹ̀kọ́ àfikún lálẹ́, òfin lé òfin. Ẹ rántí ìṣírò gíráàmù 10 tí ó di 45. Ẹ wá ojú ibi tí ipá ti ń kan ọmọ náà ní tòótọ́, kí ẹ sì fi ìwọ̀nba okun síbẹ̀. Bí ó bá sì mì lábẹ́ ọwọ́ yín lónìí, ẹ má ṣe fi àwọ̀ dídán bò ó, kí ẹ ní yóò gbé e di ọ̀la.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àjọ̀dún a máa mú wa ronú nípa imú ilé ẹ̀kọ́: géètì tuntun, gbọ̀ngàn, òkúta tí a kọ orúkọ sí. Wọ́n dára. Ṣùgbọ́n yàrá iṣẹ́ igi wà ní ẹ̀yìn, níbi tí àlejò kì í dé. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan ti fi ọwọ́ kan yọ ẹsẹ̀ àpótí wa, kí àwa lè mọ ohun tí àtè ń dì mú. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, a ó mú ọkọ̀ pupa náà àti àfọ́kù ìrù rẹ̀ àkọ́kọ́ wá síbẹ̀, a ó sì máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kọ́ ọmọ tí ó bá fẹ́. Ẹni tí ó bá ní ayùn, ìfági tàbí féèsì tí ó ń dípẹtà nílé, kí ó mú un bọ̀.

Fún àròjinlẹ̀

1. Kí ni ó wà lábẹ́ àwọ̀ dídán nínú ilé wa tí ó mì nígbà tí a di í mú, tí a sì fi í sílẹ̀ di ọ̀la?

2. Nínú ohun tí a ń fi kún ẹ̀kọ́ ọmọ wa, èwo ni okun, èwo sì ni ìwúwo lásán?

3. Ta ni ó kọ́ wa ní ohun kan ní ilé ẹ̀kọ́ yìí tí a kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá ṣì wà láàyè, ọjọ́ wo ni a ó lọ kí i?